Ohun Tó Wà Níta Ọpọ́n: Bí A Ṣe Ń Yẹ Ayò Ṣẹ́ẹ̀sì Àwọn Obìnrin Wò Nínú Ìdíje Ikọ̀ Lórí Ayélujára

Ẹ̀yin àgbà tó wà níkàlẹ̀, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbé ọpọ́n yín há abíyá wá síbí, ẹ kú ìjókòó o. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó pè mí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 2020, ni mo fẹ́ mú yín lọ. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 14 kan, Divya Deshmukh, ọmọ ìlú Nagpur ní Íńdíà, jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó ń ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Polina Shuvalova, ọmọ Rọ́ṣíà, ló ń bá a ta. Àṣekágbá Olimpíàdì orí ayélujára ni, ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì láàárín àwọn orílẹ̀-èdè. Lójijì, íntánẹ́ẹ̀tì já. Ọmọ náà kò lè gbé ohunkóhun mọ́ lórí ọpọ́n, àmọ́ aago rẹ̀ kò dúró. Aago ń sọ̀ kalẹ̀ títí kò fi ku nǹkan kan. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé Divya ti pàdánù. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí Nihal Sarin, ọmọkùnrin inú ikọ̀ kan náà, ẹni tó ń bá Andrey Esipenko ta.

Bí ẹ bá ṣí àkọsílẹ̀ ayò yẹn lónìí, ẹ ó rí ìgbésẹ̀ wọn ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Ẹ ó rí ẹni tó gbé ẹṣin, ẹ ó rí ẹni tó pa pọ́ọ̀nù, ọmọ ayò tó kéré jù. Bí ẹ bá wá tan ẹ̀rọ tó ń yẹ ayò wò, irú Stockfish, yóò sọ fún yín ibi tí olúkúlùkù ti ṣìnà. Kò ní sọ fún yín pé nẹ́tíwọ̀kì lọ. Kò ní sọ ọjọ́ orí ọmọ náà. Kò ní sọ iye tí ikọ̀ rẹ̀ ti jẹ àti iye tí wọ́n ti pàdánù nígbà tó ń ronú ohun tó máa gbé. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni mo gbé wá síbí lónìí: ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ ayò tí wọ́n ta fún ikọ̀ lórí ayélujára, kó kọ́kọ́ wo ohun tó wà níta ọpọ́n, kó tó dá ẹni tó ta á lẹ́jọ́.

Ẹni tó bá ti jókòó nídìí ayò ọlọ́pọ́n rí mọ ohun tí mò ń sọ. Awòran máa ń rí gbogbo ilé. Ó ti ka ọmọ ayò tó wà lójú kọ̀ọ̀kan, ó ti mọ ibi tí ọ̀ta máa jẹ, ara rẹ̀ kò sì balẹ̀ bó ṣe ń wo ọ̀pẹ tó ń fọwọ́ pa orí. Àmọ́ kì í ṣe òun ni wọ́n ń dúró dè. Ẹ̀rọ Stockfish, awòran tó mọ ayò jù láyé ni. Kì í làágùn, aago kì í lé e, kò sì sí ará ilé rẹ̀ kankan tó máa bi í léèrè nígbà tó bá dìde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìdíje náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ìyẹn kò ní pẹ́. Ó yẹ kí Olimpíàdì ṣẹ́ẹ̀sì ti ọdún 2020 wáyé ní Rọ́ṣíà, níbi tí àwọn òṣèré yóò ti jókòó dojú kọ ara wọn. Àrùn Kòrónà dé, gbogbo ayé ti ilẹ̀kùn. FIDE, àjọ tó ń darí ṣẹ́ẹ̀sì lágbàáyé, wá gbé òmíràn kalẹ̀ lórí ìkànnì Chess.com. Láti ìparí oṣù keje títí dé ìparí oṣù kẹjọ ni wọ́n fi ta á, orílẹ̀-èdè tó sì kópa lé ní 160. Òṣèré kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 15 fún odindi ayò, ìṣẹ́jú àáyá 5 sì ń wọlé fún un nígbàkígbà tó bá ti gbé ọmọ ayò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi rèé. Láti ọdún 1957, nígbà tí àwọn obìnrin ta Olimpíàdì tiwọn àkọ́kọ́ ní ìlú Emmen ní Nẹ́dálándì, ọ̀tọ̀ ni ìdíje wọn, ọ̀tọ̀ ni àmì ẹ̀yẹ wọn. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n lè jọ ta, inú gbọ̀ngàn kan náà ni wọ́n sì lè jókòó sí, àmọ́ èsì obìnrin kò kan èsì ọkùnrin. Lọ́dún 2020, FIDE ṣe é lọ́nà mìíràn. Ọpọ́n mẹ́fà ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń tẹ́: ọkùnrin méjì, obìnrin méjì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí wọn kò ì tíì ju ẹni 20 ọdún lọ. Ìdajì ikọ̀ jẹ́ obìnrin. Ojúlówó máàkì kan ni ayò Divya níye lórí, bákan náà ni ti Viswanathan Anand tó ti gba adé ayé lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí Anand bá jẹ, tí Divya sì pàdánù, àdánù ọ̀kan ti pa èrè èkejì rẹ́. Oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà ni ìdíje ikọ̀ mẹ́fà kan ti wáyé lórí Chess.com, Nations Cup, ọpọ́n mẹ́rin ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, obìnrin kan sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ṣáínà ló gbà á, Hou Yifan sì wà lára àwọn tó ta fún wọn. Àmọ́ obìnrin kan nínú mẹ́rin kọ́ ni mẹ́ta nínú mẹ́fà. Nígbà tó bá ti di mẹ́ta nínú mẹ́fà, kò sí ikọ̀ tó lè fi obìnrin ṣe ohun ọ̀ṣọ́.

Ẹ wò ó bí ìṣirò náà ṣe ń lọ, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tó ń yẹ ayò wò ti máa ń ṣìnà jù. Ikọ̀ tó bá ní máàkì mẹ́ta ààbọ̀ nínú mẹ́fà ló jẹ. Ká ní ọpọ́n márùn-ún ti parí, ikọ̀ rẹ ní mẹ́ta, ikọ̀ kejì ní méjì, ọpọ́n tìrẹ ló kù. Ọ̀mì ti tó fún ọ. Ipò rẹ dára, o lè gbógun ti ọba ẹni kejì, ó sì ṣeé ṣe kó o jẹ. Àmọ́ o fi ayaba rẹ pààrọ̀ ayaba rẹ̀, o ti gbogbo ilẹ̀kùn, o ta ọ̀mì. Ẹ̀rọ yóò fi àmì àṣìṣe pupa sí ìgbésẹ̀ yẹn. Balógun ikọ̀ rẹ yóò dìde lórí àga, yóò pàtẹ́wọ́. Ta ló tọ̀nà? Balógun ni. Ká wá ní ikọ̀ rẹ ní méjì, ikọ̀ kejì ní mẹ́ta. Ọ̀mì ti di àdánù. O gbọ́dọ̀ gbé ìgbésẹ̀ tí kò dára tó, èyí tó máa da omi rú, kí ẹni kejì lè ṣìnà. Ẹ̀rọ yóò tún pè é ní àṣìṣe. Ìgbésẹ̀ kan náà lè jẹ́ ọgbọ́n láago mẹ́ta, kó jẹ́ ìwà òmùgọ̀ láago mẹ́ta ààbọ̀, torí pé ọpọ́n ẹlòmíràn ti parí láàárín.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n kọ nǹkan mẹ́ta sínú ìwé wọn níwájú ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ohun tí wọ́n gbé, iye tó kù lójú aago, àti iye tí ikọ̀ ní nígbà náà. Ìwé tí kò ní ẹ̀kẹta yìí kì í ṣe ìwé ayò ikọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọjọ́ tó ṣáájú àṣekágbá, nígbà tó ku ikọ̀ mẹ́rin. Íńdíà ń bá Pólándì ta. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ikọ̀ ń pàdé, ọpọ́n mẹ́fà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, Pólándì jẹ, máàkì mẹ́rin sí méjì. Ní ìkejì, Íńdíà gbẹ̀san, mẹ́rin ààbọ̀ sí ọ̀kan ààbọ̀. Bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, Íńdíà ní mẹ́fà ààbọ̀, Pólándì ní márùn-ún ààbọ̀. Àmọ́ wọn kì í rò ó pọ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ti jẹ ìpàdé kan, ọ̀kan sí ọ̀kan ni wọ́n wà. Ayò kan ṣoṣo ló kù tó máa pinnu: Amágẹ́dónì.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà bà yín lẹ́rù. Amágẹ́dónì jẹ́ ayò tí kò gbọ́dọ̀ ní ọ̀mì. Funfun ní àkókò tó pọ̀ díẹ̀ ju ti dúdú lọ, àmọ́ bí wọ́n bá ta ọ̀mì, dúdú ló jẹ. Nítorí náà funfun kò ní ọ̀nà mìíràn àfi kó jẹ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ báyìí ni gbogbo rẹ̀.

Ta ni wọ́n wá gbé ẹrù odindi orílẹ̀-èdè lé lórí? Obìnrin méjì ni. Koneru Humpy ló dúró fún Íńdíà, Monika Socko ló dúró fún Pólándì. Anand wà nínú ikọ̀ náà, Vidit Gujrathi tó jẹ́ balógun wà níbẹ̀, àwọn ọkùnrin Pólándì náà wà níbẹ̀, gbogbo wọn di awòran. Humpy jẹ, Íńdíà sì wọ àṣekágbá. Humpy kì í ṣe ọmọdé nídìí irú ayò kíákíá bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2002 ló ti gba oyè Grandmaster tó ga jù nínú ṣẹ́ẹ̀sì, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 15, lọ́dún 2019 ló sì gba adé àwọn obìnrin àgbáyé nínú ayò kíákíá ní Moscow.

Àmọ́ Socko gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Mo mọ̀ pé ẹni tó pàdánù la máa ń gbójú fò. Kò sí obìnrin púpọ̀ láyé tó mọ ohun tí Amágẹ́dónì jẹ́ tó bí Socko ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn lọ sí ọdún 2008, ní ìlú Nalchik ní Rọ́ṣíà, níbi ìdíje adé ayé àwọn obìnrin. Kò sí kọ̀ǹpútà láàárín wọn níbẹ̀, ọpọ́n gidi ni. Ní ìpele àkọ́kọ́, Socko àti Sabina-Francesca Foisor, ọmọ Ròmáníà tó padà wá gba adé àwọn obìnrin Amẹ́ríkà lọ́dún 2017, ta títí wọ́n fi dé Amágẹ́dónì. Socko ló mú funfun. Àfi kó jẹ.

Wọ́n ta, wọ́n ta, wọ́n pa ara wọn tán. Ohun tó kù lórí ọpọ́n kò ju ọmọ ayò mẹ́rin lọ: ọba funfun àti ẹṣin kan, ọba dúdú àti ẹṣin kan. Ẹni tó bá ti kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì fún oṣù kan mọ̀ pé ẹṣin kan ṣoṣo kò lè há ọba mọ́. Lójijì, aago Foisor tán. Adájọ́ ní ọ̀mì ni, torí kò sí ohun tí ẹnì kankan lè fi jẹ. Bó bá jẹ́ ọ̀mì, Foisor tó mú dúdú ló máa tẹ̀ síwájú. Socko kọ̀. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó sì jàre. Òun ni wọ́n ní ó tẹ̀ síwájú.

Kí ló dé? Ẹ bá mi gbé ọpọ́n yín síta, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ẹ gbé ọba dúdú sí igun, sí ilé a8 (lẹ́tà ń sọ òpó, nọ́ńbà ń sọ ìlà). Ẹ gbé ẹṣin dúdú sí b8, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba rẹ̀. Ẹ gbé ọba funfun sí b6. Ẹ wá gbé ẹṣin funfun wọ c7. Ẹṣin yẹn ti fi ṣẹ́ẹ̀kì kan ọba dúdú, ìyẹn ni pé ó ti ń halẹ̀ láti pa á. Níbo ni ọba máa sá sí? Ọba funfun ń ṣọ́ a7, ó ń ṣọ́ b7. B8 ńkọ́? Ẹṣin tirẹ̀ ló jókòó síbẹ̀. Ṣé ẹṣin dúdú lè pa ẹṣin funfun? A6, c6 àti d7 nìkan ló lè fò lọ, kò dé c7. Ó tán. Ṣẹ́ẹ̀kìméètì ni, ẹṣin kan ṣoṣo ló sì ṣe é, torí pé ẹṣin ọ̀tá fúnra rẹ̀ ló dí ọ̀nà mọ́ ọba rẹ̀.

Kò sí ẹni tó máa mọ̀ọ́mọ̀ gbé ẹṣin rẹ̀ síbẹ̀. Socko mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn tó gbọ́ ẹjọ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tí òfin FIDE béèrè ni pé: ǹjẹ́ ó ṣeé ṣe, lọ́nàkọnà tó bófin mu, kí ẹni tí aago rẹ̀ kò tán há ọba ẹni kejì mọ́? Bó bá ṣeé ṣe, ẹni tí aago rẹ̀ tán ti pàdánù. Ohun tí Socko mọ̀ nìyẹn nígbà tí gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí adájọ́ ti sọ̀rọ̀. Ìmọ̀ òfin ló fi jẹ ayò yẹn. Mo nífẹ̀ẹ́ obìnrin náà púpọ̀ nítorí ọjọ́ yẹn. Àwa tí wọ́n kọ́ láti kékeré pé bí àgbà bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ parí, ó yẹ kí àwọn ọmọbìnrin wa gbọ́ ìtàn yìí dáadáa.

Ẹ ó ní kí ló kan ayélujára nínú èyí. Ó kàn án gan-an. Gbé ayò Nalchik yẹn, ọba àti ẹṣin sí ọba àti ẹṣin, aago dúdú tán. Ta á lórí ìkànnì Lichess: funfun ló jẹ, torí òfin FIDE ni Lichess ń tẹ̀ lé lórí irú èyí. Ta á lórí Chess.com: ọ̀mì ni, torí níbẹ̀ ẹṣin kan kò tó láti fi jẹ nígbà tí aago bá tán, bó ti wù kí ẹṣin ẹni kejì wà níbẹ̀. Ọpọ́n kan náà, ọmọ ayò kan náà, aago kan náà, èsì méjì. Ẹni tó ń ta fún ikọ̀ tó bá lọ síbi ìdíje láìmọ òfin ilé tó wọ̀, ó dà bí ẹni tó wọ ìlú onílùú ní òru láìmọ ibi tí ẹnubodè wà.

Aago orí ayélujára tún ní àwọn ìwà kan tí aago orí tábìlì kò ní. Lórí tábìlì, bí o bá gbé ọmọ ayò tán, ọwọ́ rẹ gbọ́dọ̀ dé orí aago. Lórí kọ̀ǹpútà, aago ń tẹ ara rẹ̀. O tún lè sọ ohun tí wàá gbé sílẹ̀ kí ẹni kejì tó ta tirẹ̀: bó bá ti ta báyìí, tìrẹ ti bọ́ sílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá péré ló gbà ọ́. Àmọ́ bí ẹni kejì bá ta ohun tí o kò rò, ìgbésẹ̀ rẹ yóò ṣì bọ́ sílẹ̀ bí o ṣe sọ ọ́ tó bá ṣì bófin mu, kódà kó jẹ́ ẹnu ìnàkí lo ń ju ayaba rẹ sí. Bí mo bá wá rí àṣìṣe tó burú jáì nínú ayò òṣèré ńlá kan lórí ayélujára, ohun tí mo máa kọ́kọ́ wò ni aago. Bí kò bá gbà ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lọ, kì í ṣe àìmọ̀ ló fà á. Ó tẹ́tẹ́ lórí ohun tí ẹni kejì máa ṣe ni, tẹ́tẹ́ náà kò wọlé.

Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tó ń wọlé yẹn ńkọ́? Àwọn kan rò pé kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ẹ tún ọpọ́n tẹ́. Pọ́ọ̀nù funfun wà ní d7, ó ku ẹsẹ̀ kan kó di ayaba, àmọ́ ọba rẹ̀ dúró sí d8 níwájú rẹ̀. Rúùkù funfun, ọmọ ayò tó ń rìn tààrà, wà ní f1. Ọba dúdú wà ní g7, rúùkù dúdú ní c2. Funfun ló kàn. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lójú aago rẹ̀.

Ọ̀pẹ á sáré gbé ọba kúrò lọ sí e7. Rúùkù dúdú á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣẹ́ẹ̀kì lé e láti ẹ̀yìn, á máa lé e kiri títí ọba yóò fi padà síbi tó ti wá. Ọ̀ta kọ́kọ́ gbé rúùkù rẹ̀ lọ sí f4. Ó jọ pé kò ṣe nǹkan kan. Dúdú gbé rúùkù rẹ̀ lọ sí c1, ó ń dúró. Nígbà náà ni ọba funfun jáde lọ sí e7. Ṣẹ́ẹ̀kì ní e1: ọba lọ d6. Ṣẹ́ẹ̀kì ní d1: ọba lọ e6. Ṣẹ́ẹ̀kì ní e1: ọba lọ d5. Ṣẹ́ẹ̀kì ní d1: rúùkù funfun sún láti f4 wá sí d4, ó dúró láàárín bí afárá. Ṣẹ́ẹ̀kì ti tán, pọ́ọ̀nù á di ayaba. Ipò Lucena ni àwọn oníṣẹ́ẹ̀sì ń pe èyí. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà ni funfun gbé. Bó bá lo ìṣẹ́jú àáyá méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí márùn-ún sì ń wọlé, aago tó wà ní mẹ́ta ti di 21. Ó ń jẹ ayò, ó tún ń ra àkókò. Ẹni tí kò mọ afárá yìí sórí, tó ní kóun jókòó ronú rẹ̀ síbẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta rẹ̀ ti lọ kó tó fọwọ́ kan rúùkù. Ìdí nìyí tí àwọn obìnrin bíi Humpy fi ń ta ìparí ayò bí ẹni ń gúnyán. Ọwọ́ ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì tó já, nítorí ó dùn mí, ó sì nira láti sọ ọ́ tán. Kí Íńdíà tó bá Pólándì pàdé, nígbà tó ku ikọ̀ mẹ́jọ, Àméníà ni wọ́n kọ́kọ́ bá ta. Haik Martirosyan ti Àméníà ń bá Nihal Sarin ta, íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ já, wọ́n ní ó pàdánù. Àméníà pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọn kò gbà fún wọn. Inú bí wọn, wọn kò jáde fún ìpàdé kejì, Íńdíà sì tẹ̀ síwájú. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọwọ́ kan náà wá kan ilẹ̀kùn Íńdíà.

Ní àṣekágbá, ìpàdé àkọ́kọ́ parí sí mẹ́ta sí mẹ́ta. Gbogbo ọpọ́n mẹ́fà ló jẹ́ ọ̀mì. Ìpàdé kejì ni nẹ́tíwọ̀kì ti lọ mọ́ Divya àti Nihal lọ́wọ́. Rọ́ṣíà jẹ, mẹ́rin ààbọ̀ sí ọ̀kan ààbọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ìṣòro náà kì í ṣe ti ilé ẹnì kan. CenturyLink, ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì kiri ní Amẹ́ríkà, ló ní ìdàrúdàpọ̀, ó kan Cloudflare, ilé-iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ìkànnì gbára lé, ọ̀pọ̀ ìkànnì káàkiri ayé sì dákú. Íńdíà pe ẹjọ́. Àwọn tó gbọ́ ẹjọ́ náà kò fohùn ṣọ̀kan. Arkady Dvorkovich, ààrẹ FIDE, ló wá pinnu pé kí wọ́n fún ikọ̀ méjèèjì ní góòlù.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní ìyẹn kò dára fún Rọ́ṣíà. Èmi fara mọ́ ọn. Ayò méjì nínú mẹ́fà kò parí lórí ọpọ́n, ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀? Àmọ́ ọ̀rọ̀ Àméníà ṣì wà lọ́kàn mi. Mo mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí ìsopọ̀ ẹnì kan já àti kí ti ayé já. Lójú ẹni tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tí ọpọ́n dúró mọ́ lójú, kò sí ìyàtọ̀ kankan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè kí n sọ èyí. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń ta fún ikọ̀ wa lórí fóònù ìyá rẹ̀. Ó ti fi pọ́ọ̀nù méjì ju ẹni kejì lọ. Iná lọ ládùúgbò, nẹ́tíwọ̀kì sì tẹ̀ lé e. Kó tó rí ibi tí yóò ti wọlé padà, ó ti tán. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá a wí, àmọ́ kò sí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀, ìyẹn gan-an burú ju ìbáwí lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo ní ká jọ ṣí ayò náà. Ó ní òun kò fẹ́ rí i. A ṣí i. Títí dé ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn, òun ló wà lókè, ẹ̀rọ pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, níwájú ìgbésẹ̀ yẹn: iná lọ, aago ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, ikọ̀ wà ní méjì sí méjì. Ó kọ ọ́, ó fa ìlà sí i nísàlẹ̀, ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ jẹ́ ká wo èyí tó kàn." Látìgbà yẹn la ti ń kọ nǹkan mẹ́ta yẹn sínú ìwé.

Ẹnì kan ti nawọ́ látẹ̀ẹ̀kan, mo rí yín, mà á gbọ́ ìbéèrè yín láìpẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kàn sọ ibi tí Divya dé.

Ní oṣù keje ọdún 2025, ní ìlú Batumi ní Jọ́jíà, ó wọ àṣekágbá ife àgbáyé àwọn obìnrin. Ó ti pé ọmọ ọdún 19. Ọpọ́n onígi ló wà níwájú rẹ̀, kò sí ìsopọ̀ kankan tó lè já. Ẹni tó jókòó lódì kejì tábìlì ni Koneru Humpy, ẹni tó fi Amágẹ́dónì gbé ikọ̀ wọn wọ àṣekágbá lọ́jọ́sí. Ayò méjèèjì tí wọ́n fi àkókò gígùn ta jẹ́ ọ̀mì. Ayò kíákíá àkọ́kọ́, ọ̀mì náà ni. Nínú ìkejì, Divya ló mú dúdú. Ó jẹ. Oyè Grandmaster bá ife náà wá. Ó bú sẹ́kún nínú gbọ̀ngàn, ó sì lọ dì mọ́ ìyá rẹ̀ tó dúró tì í níbẹ̀.